Òkú ni, ànjọ̀nú ni, àbí ara ló kàn fu ni? Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín nìkan ni kí ẹ sọ

Ará Gáà-Àkànbí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìgbómìnà àti gbogbo gúúsù Kwara. Ọ̀rọ̀ òkú tó ń fara hàn ni mo fẹ́ ká sọ, ṣùgbọ́n mo ní òfin kan. Ìtàn awakọ̀ tó gbé obìnrin kan ní gáréèjì, tí obìnrin náà ní kó dúró kí òun wọlé lọ mówó ọkọ̀ wá, tí awakọ̀ dúró títí tó fi wọlé, tí wọ́n fi fọ́tò ara ògiri hàn án, tí wọ́n ní "ọmọ wa tó ti kú nìyẹn," a ti gbọ́ ọ. Ní Ọ̀ffà wọ́n ní Ọ̀ffà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní Ọmù-Àrán wọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwọn ni. Mo gbọ́ ọ dé Jẹ́bbà, orúkọ àdúgbò nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Mi ò sọ pé kò sí àkúdàáyà o. Àwọn bàbá wa ló ní ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lè kú tán kó lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, kó fẹ́yàwó, kó máa tajà, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, tí yóò sì pòórá. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé ẹni tó pàdé rẹ̀ kì í sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láéláé. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́.

Nítorí náà: ojú tìrẹ, etí tìrẹ, ara tìrẹ. Bí ẹ ò tiẹ̀ rí nǹkan kan, tó jẹ́ pé orí yín kàn wú, tàbí ara ti sọ fún yín kí ìròyìn tó dé, ẹ mú un wá.

Dírẹ́bà Ajàṣẹ́

Èmi gan-an ni awakọ̀ tí wọ́n ń fi pa ìtàn yẹn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí tèmi. Ọ̀nà Ìlọrin sí Ọmù-Àrán ni mo ń ná. Kò sí òkú tó wọkọ̀ mi rí tó sì lọ láìsanwó. Àwọn alààyè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí rèé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, èrò ìsìnkú ni mo fi gbogbo òru ọjọ́ náà gbé. Nígbà tí mo kọjá Ìdọ̀fìàn, bàbá kan tó wọ aṣọ funfun bọ́ sójú títì láti apá ọ̀tún. Kò sáré rárá, kò sì wò mí. Mo tẹ bíréèkì débi pé ẹrù àwọn èrò bọ́ lé wọn lórí. Wọ́n bú mi dáadáa. Mo ní, "Ẹ ò rí bàbá yẹn ni?" Kò sẹ́ni tó rí i, àti ọmọ ọkọ̀ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tójú rẹ̀ là kedere. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìrì wà lórí koríko etí ọ̀nà bó ṣe wà látòru, kò sí ẹsẹ̀ èèyàn kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni orí mi ti wú.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn àgbà awakọ̀ ní Ajàṣẹ́, wọn ò ní kí n lọ rúbọ, wọn ò sì ní kí n lọ rí Áfà. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn bi mí pé ìgbà wo ni mo sùn kẹ́yìn. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ń fòru wakọ̀ ló ń bọ̀ wá pàdé bàbá aláṣọ funfun yẹn, pé ẹni tó bá ti rí i kó lọ páàkì sábẹ́ igi kó sùn.

Mo gba ìyẹn. Ti ẹsẹ̀ nìkan ni mi ò lè jọ̀wọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ẹsẹ̀ rere mi. Bí mo bá fi ti òsì kọ kí n tó wọkọ̀, ẹlòmíràn ni màá jẹ́ kó gba ipò mi láti kó èrò. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín, mi ò ní bínú.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀ffà

Mo kí yín o. Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Ọ̀wọ́dé títí agbára rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Ikọ́ kan wà tó máa ń wú láàárọ̀. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn, eruku èlùbọ́ ni. Á wú kékeré lẹ́ẹ̀mejì, á wá ha ọ̀fun, á dákẹ́. Òun ni gbogbo ilé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Lẹ́yìn tá a sin ín, tí a kò tíì ṣe ogójì ọjọ́, èmi àti àbúrò mi obìnrin ló sùn sílé, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀. Mo gbọ́ ikọ́ yẹn láti ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́ẹ̀mejì, ó ha ọ̀fun, ó dákẹ́. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. "Ẹ káàárọ̀, Màámi" ti dé ẹnu mi kí n tó rántí. Mo dákẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò mi ló sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń wúkọ́?"

Àlàyé kọ́ ni mò ń wá o. Wọ́n ní kí á sọ tiwa, mo ti sọ tèmi.

Ọmọ Áfà, Ìta-Àmọ́dù

Salamu alaykum. Màmá, kí Ọlọ́run forí jin ìyá yín, kó tẹ́ wọn sí aljannah. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sìn tiwa, ẹni tó bá ti kú ti wọ barzakh, ibẹ̀ ni yóò wà títí di ọjọ́ àjíǹde. Kì í padà wá wúkọ́ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni ànjọ̀nú. Ẹ̀dá Ọlọ́run ni wọ́n, odidi sura 72 nínú Kùránì ló ń jẹ́ orúkọ wọn, àárín wa ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì mọ ohùn oníkálukú wa. Ẹ máa ka Ayatul Kursiyyu kí ẹ tó sùn. Ẹ ka Falaq àti Nas sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi pa ara. Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ má dá a lóhùn.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀ffà

Áfà, ẹ ṣeun. Mùsùlùmí ni èmi náà, láti kékeré ni mo ti ń ka Ayatul Kursiyyu. Ṣùgbọ́n ànjọ̀nú tó pa gbogbo ayé tì, tó wá jókòó sí Ọ̀ffà tó ń kọ́ bí ìyá elélùbọ́ ṣe ń wúkọ́, iṣẹ́ ló ń wá o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Màmá, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe tuntun. Ní 1971, dókítà kan tó ń jẹ́ Dewi Rees gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lọ bá àwọn tí ọkọ tàbí ìyàwó wọn ti kú ní apá kan ilẹ̀ Wales, 293 ni wọ́n. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí ẹni wọn tó lọ, tàbí wọ́n ń gbọ́ ọ, tàbí wọ́n kàn ń mọ̀ ọ́n lára pé ó wà nítòsí. Díẹ̀ ló kù kó pé ìdajì wọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Orí wọn pé, kò sí aṣiwèrè nínú wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti mímọ̀ lára yẹn, àwọn tó gbọ́ ohùn kò pọ̀ tó wọn. Ọ̀pọ̀ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí wọ́n mọ ohun tí èèyàn máa sọ. Ọ̀pọ̀ sì ní ó tu àwọn nínú.

Ó wá kan tèmi. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe ní wọ́ọ̀dù, ó ti pẹ́. Kò sí nọ́ọ̀sì òru tí kò ní mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ ó kọjá níwájú bẹ́ẹ̀dì kan, aláìsàn ń sùn, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ dára, ara yín á sì ní: padà. Mo ti jí dókítà lórí "ara mi ò gbà á" lásán, ó kanra mọ́ mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti yé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀mí mímọ́ ló ń sọ fún mi. Èmi rò pé ojú ló ti rí ohun tí ẹnu ò tíì rí orúkọ fún: àwọ̀ èékánná tó ń yí, èémí tó ń gùn tó tún ń kúrú, òógùn tútù. Ọpọlọ ti ṣe ìṣirò tán kó tó pe onílé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mo wà nílé, mi ò sí níbi iṣẹ́, mò ń ro ọkà lọ́wọ́. Àyà mi ṣàdédé já nítorí obìnrin kan tó wà ní wọ́ọ̀dù wa, obìnrin tí mo fi sílẹ̀ láàárọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ omorogùn sílẹ̀, mo pe fóònù. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Èékánná ta ni mo rí níyẹn?

Ọmọ Sábó-Òkè

Ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀gá àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ló bá rí obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀…

Ará Gáà-Àkànbí

Ọ̀gá àbúrò ìyàwó rẹ. Lọ pe ọ̀gá náà wá.

Injíníà Tánkẹ̀

Mo ti ka gbogbo yín. Kí a tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ Áfà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ jáde. Mi ò ṣàwàdà. Ní 1921, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, William Wilmer, kọ̀wé nípa ìdílé kan tó kó wọ ilé àtijọ́. Orí ń fọ́ wọn, àwọn ọmọ wọn ń ṣàárẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó ń ṣe wọ́n bíi pé ẹnìkan ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé náà wò, iná tí wọ́n fi ń mú ilé móoru ló bàjẹ́, tó ń tú èéfín sínú ilé dípò ìta. Gáàsì carbon monoxide ni. Kò lóòórùn, kò láwọ̀.

Ìlọrin ńkọ́? Iná lọ, a gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ kí olè má baà gbé e, a tilẹ̀kùn, a ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Láàárín òru orí ń fọ́ni, ẹnìkan ń pe orúkọ wa lẹ́yìn ògiri. Òkú fẹ́ wà nínú ilé yẹn lóòótọ́, àwa náà la sì fẹ́ di òkú ọ̀hún.

Ti ogun òru náà, kí èèyàn jí kó má lè gbé ọwọ́, kí nǹkan kan wá jókòó lé e láyà. Tí a bá ń lá àlá, ọpọlọ ló máa ń dá apá àti ẹsẹ̀ dúró kí a má baà dìde sáré. Nígbà mìíràn ojú á là kí ara tó tú. Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń sọ ọ́: àwọn dókítà ọpọlọ nílẹ̀ wa níbí gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 2007, ogun òru náà ni wọ́n sì pè é nínú ìwé wọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 2006. Ní Switzerland, àwọn dókítà ń yẹ ọpọlọ ọmọbìnrin kan tó ní wárápá wò. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibì kan lápá òsì ọpọlọ rẹ̀, ló bá ní ẹnìkan wà lẹ́yìn òun. Nígbà tó dùbúlẹ̀, ẹni náà dùbúlẹ̀. Nígbà tó jókòó, ẹni náà jókòó, ó tiẹ̀ dì mọ́ ọn. Wọ́n paná, ẹni náà lọ.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀ffà

Injíníà, iná tí wọ́n fi kan ọpọlọ tèmi, ṣé òun náà ni wọ́n fi kan ti àbúrò mi nínú yàrá kejì?

Injíníà Tánkẹ̀

Màmá, aládùúgbò lè wúkọ́. Láàárọ̀, tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ohùn máa ń rìn jìnnà.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀ffà

Lẹ́yìnkùlé wa, oko ni. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọmọ Èṣìẹ́

Kò sí iná mànàmáná níbi tí tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ àwọn ère òkúta Èṣìẹ́. Wọ́n lé ní 1,000, ọkùnrin àti obìnrin, àwọn mìíràn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú idà dání, orí ọ̀pọ̀ wọn ti kán. Nítorí wọn ni ìjọba fi dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà wa ní àlejò ni wọ́n, pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta.

Mo bá àwọn ọmọ ilé ìwé wa lọ síbẹ̀ láti Òrò. Olùkọ́ ní ká máa bọ̀, gbogbo wọn jáde, èmi ni mo kẹ́yìn. Kò sí ohun tó mi, kò sí ohun tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ẹ̀rù kọ́ o, ìtìjú ni, bí ìgbà tí ọmọdé já wọ àárín ìpàdé àwọn àgbà láìkí ẹnikẹ́ni. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo dìde, ara mi fúyẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí eruku láyà mi, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi padà délé.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ojú ère tó pọ̀ lápapọ̀ nínú ilé kan ló dẹ́rù ba ọmọdé, mo gbọ́. Mo ti padà lọ bí àgbà. Mo ṣì ń kí wọn.

Agbo-ilé Ìdí-Àpẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá tó bí bàbá mi wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá mi. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sàréè méjèèjì, wọ́n sì fi táìsì lé ti Bàbá lórí nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ti Mẹ́kà dé. Orí sàréè yẹn ni mo ti kọ́ alif. Ibẹ̀ la ti ń jẹ àmàlà, ibẹ̀ la ń tẹ́ ẹní sí nígbà tí ooru Ìlọrin bá mú nínú oṣù kẹta, nítorí táìsì ọ̀hún tutù. Ìyá mi àgbà á jókòó síbẹ̀ níròlẹ́, á máa rojọ́ fún ọkọ rẹ̀: "Ọmọ rẹ ti Èkó kò fowó ránṣẹ́ o. Ìyàwó rẹ̀ ni." (Áfà, mo mọ̀ pé kò yẹ ká máa jókòó lórí sàréè. Ẹ wá sọ fún wọn.)

Orí ẹnikẹ́ni kò wú níbẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ pé òkú máa ń dẹ́rù bani nítorí pé ó kú, kò sí ẹni tí yóò lè sun oorun ìṣẹ́jú kan láti Gámbàrí dé Ọjà Ọba.

Èmi kan náà ni mo gbalé tuntun sí Fátẹ̀. Táìsì tuntun, páìpù tuntun, ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kú sí. Mi ò rójú sùn! Mò ń gbọ́ tibí, mò ń gbọ́ tọ̀hún. Ẹ wo ohun tí ẹ kọ lókè yìí dáadáa. Ìyá Ìbejì mọ ẹni tó ń wúkọ́, ẹ̀rù ò bà á, àfi bíi pé kó kí i. Dírẹ́bà kò mọ bàbá aláṣọ funfun, orí rẹ̀ wú. Ọmọ Èṣìẹ́ kí àwọn tó bá nílé, ara rẹ̀ fúyẹ́. Òkú tí a kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ ló ń bà wá lẹ́rù. Ti carbon monoxide, mo gbà, ẹ gbé e jáde.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Òótọ́ ni. Ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn tí a kò rí ẹbí rẹ̀ títí tó fi lọ ni àwọn nọ́ọ̀sì kékeré kì í fẹ́ dá tọ́jú lóru.

Dírẹ́bà Ajàṣẹ́

Ará Gáà-Àkànbí, ìwọ tó ṣòfin fún gbogbo wa, tìrẹ dà?

Ará Gáà-Àkànbí

Tèmi kéré, ìdí nìyí tí mi ò fi sọ ọ́. Nínú ilé tí mo yá, ọ̀nà tóóró kan wà láàárín kíṣìnnì àti yàrá ẹ̀yìn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ọrùn mi á tutù, orí mi á wú fòò. Bí mo bá ṣísẹ̀ kan síwájú, ó ti lọ. Mi ò rí nǹkan kan, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọmọ náà ń sáré káàkiri ilé, tó bá ti dé ibẹ̀ á fẹ̀yìn ti ògiri, á rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á tún máa sáré lọ. Lójú mi ni.

Injíníà Tánkẹ̀

Jẹnẹrétọ̀ ta ló wà nítòsí?

Ará Gáà-Àkànbí

Aládùúgbò mi ti ta tirẹ̀, sólà ló ń lò. Èmi ò ní. Ọ̀sán gangan náà sì ń ṣe mí.

Injíníà Tánkẹ̀

Fáànù ńkọ́, tàbí fíríjì, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga? Ní 1998, injíníà kan ní Coventry, Vic Tandy, kọ̀wé nípa yàrá iṣẹ́ kan tí òógùn tútù ti bo òun fúnra rẹ̀, tó rí nǹkan eléérú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ tó pòórá nígbà tó yíjú sí i. Fáànù ńlá kan ló ń dún nísàlẹ̀ ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, bíi 19 Hz, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n nígbà mọ́kàndínlógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó fi mọ̀ ni irin idà kan tó so mọ́ tábìlì, tí ń gbọ̀n láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún fáànù náà ṣe, ó tán.

Ará Gáà-Àkànbí

Fíríjì wà ní kíṣìnnì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì múná wá láti àná, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni.

Ọmọ Áfà, Ìta-Àmọ́dù

Ẹ ka suratul Baqarah sínú ilé náà. Bí ẹ ò bá lè ka gbogbo rẹ̀, ẹ pe ẹni tó lè kà á. Mo lè wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Agbo-ilé Ìdí-Àpẹ́

Kó tó wá, bi onílé rẹ léèrè ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Gáà Fúlàní làdúgbò yẹn kó tó di ilé. Tó o bá ti mọ orúkọ rẹ̀, máa kí i.

Ará Gáà-Àkànbí

Mo ti pè é. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé sàréè wà lábẹ́ ọ̀nà kíṣìnnì yìí?" Ó kọ́kọ́ dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó wá ní owó ilé ọdún yìí tó kù lọ́wọ́ mi ńkọ́.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀ffà

Kò sọ pé rárá.

Dírẹ́bà Ajàṣẹ́

San án. Tó bá gbowó tán á sọ̀rọ̀.